Ọnà Inú Ògiri

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ iná ilé kan dára, kó lọ wò ó kí bíríkìlà tó rẹ́ ilé náà. Nígbà yẹn, ọ̀nà tí iná máa gbà ṣì hàn ketekete lára búlọ́ọ̀kù: páìpù tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀, ó dúró ṣánṣán, ó sì parí sínú àpótí pẹlẹbẹ tí súìṣì tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì máa jókòó sí. Tí oníṣẹ́ bá mọṣẹ́, kò ní sí páìpù tó dábùú ògiri ṣégeṣège. Òkè ni gbogbo wọn ń lọ tàbí ìsàlẹ̀, torí pé ẹni tó bá fẹ́ kan ìṣó lọ́jọ́ iwájú gbọ́dọ̀ lè wo ibi tí súìṣì wà, kó sì mọ̀ pé òkè rẹ̀ gan-an kọ́ ló yẹ kóun kàn án sí. Tó bá yá, sìmẹ́ǹtì á bo gbogbo rẹ̀, ọ̀dà á tẹ̀ lé e. Àwọn tó bá wá kí onílé kú oríire á máa yin táìlì, wọ́n á máa yin POP orí àjà. Ta ló máa yin páìpù?

Ìpele mẹ́ta ni àwọn oníṣẹ́ iná wa pín iṣẹ́ náà sí: páípìn, wáyárìn àti fítìn. Fítìn ni gbogbo èèyàn ń rí, torí ìgbà yẹn ni wọ́n ń de súìṣì, tí wọ́n sì ń so gílóòbù rọ̀, àmọ́ lójú tèmi òun ló rọrùn jù. Wáyárìn ló ń dán ọwọ́ wò. Ọ̀gá á ki wáyà irin líle kan bọ ẹnu páìpù títí tó fi máa yọ lẹ́nu kejì, á so wáyà iná mọ́ ìdí rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ á máa fà lọ́hùn-ún, ọ̀gá á máa tì níbí.

"Ọ̀gá, ó ti há o!"

"Má fipá fà á. Rọra dá a padà sí mi."

Ibi tí páìpù bá ti ká jù ni wáyà ti máa ń há. Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ tó gbọ́n fi ń ki sípíríìnì sínú páìpù kó tó tẹ̀ ẹ́, kí inú rẹ̀ má bàa fún pọ̀.

Wáyà tí wọ́n ń fà yìí ò rí bákan náà. Ti gílóòbù ni 1.5, ti sọ́kẹ́ẹ̀tì ni 2.5, ti ẹ̀rọ amúlétutù ni 4. Bí bàbà inú wáyà ṣe nípọn tó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Bí iná tó pọ̀ bá gba inú bàbà tín-ín-rín kọjá, bàbà á gbóná, rọ́bà tó bò ó á yọ́, ará ilé á gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó rí èéfín. Onílé tó bá ní kí wọ́n fi 1.5 fa gbogbo ilé torí pé òun ni kò wọ́n, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Àwọ̀ ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Pupa ni láìfù, èyí tó ń gbé iná wọlé; dúdú ni níútírà, èyí tí iná ń gbà padà; àwọ̀ ewé, tàbí àwọ̀ ewé tó nílà yẹ́lò, ni ẹ́ẹ̀tì, èyí tó so mọ́ ilẹ̀. Láti 2004 ni Bìrìtéènì, níbi tí a ti jogún ọ̀pọ̀ nínú ìlànà iṣẹ́ yìí, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi búráùn rọ́pò pupa, tí wọ́n sì ń fi búlúù rọ́pò dúdú. Nílé tiwa, tàtijọ́ àti tuntun ló wà. Ibi tó ti wá le ni pé féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń bọ̀ láti orí òpó NEPA, pupa, yẹ́lò àti búlúù ni wọ́n ń pè wọ́n. Búlúù tó jẹ́ níútírà nílé kan lè jẹ́ láìfù nílé kejì. Oníṣẹ́ gidi kì í gba ojú gbọ́. Tẹ́sítà ló fi ń kàn án kó tó fọwọ́ kàn án. (NEPA ni mo pè é. Láti 2005 ni orúkọ yẹn ti kúrò lójú ìwé, láti 2013 ni wọ́n sì ti ta ọ̀pọ̀ lára ilé iṣẹ́ iná náà fáwọn aládàáni, àmọ́ orúkọ wo ni àwọn ọmọdé tún ń pariwo nígbà tíná bá dé?)

Ohun míì tí kì í sú mi ni súìṣì méjì ẹnu àtẹ̀gùn, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Wáyà méjì ló so tìsàlẹ̀ mọ́ tòkè. Bí èèyàn bá tẹ èyíkéyìí, á ṣí ọ̀kan, á dí èkejì. Bí súìṣì méjèèjì bá kọjú sí wáyà kan náà, gílóòbù á tàn. Ẹni tó tàn án nísàlẹ̀ á gòkè, á sì pa á lókè.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ràn jù. Kì í ṣe nǹkan kan lójoojúmọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò, gílóòbù á tàn, fáànù á yí, tẹlifíṣọ̀n á máa sọ̀rọ̀ lọ. Òun ni onílé fi ń kọ́kọ́ dín owó kù: "Ìyẹn ńkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé dandan ni?" Ọjọ́ tí rọ́bà ara láìfù bá bó nínú áyọ́ọ̀nù tàbí fíríìjì, tí bàbà fara kan irin, ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ ẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá rì í dáadáa, iná á gba ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ, bíríkà á já, onílé á sì máa ṣépè fún NEPA láìmọ̀ pé ẹ́ẹ̀tì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òun là. Bí kò bá sí, irin yẹn á máa dúró de ọwọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ kàn án.

Ẹ wo púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, èyí tí wọ́n gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní Bìrìtéènì lọ́dún 1947. Ẹsẹ̀ tó gùn jù, ti ẹ́ẹ̀tì ni. Torí pé ó gùn, òun ló ń kọ́kọ́ wọlé, òun náà ló ń gbẹ̀yìn jáde, òun ló sì ń ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tó bo ihò méjì yòókù kí ọmọdé má bàa ki ìṣó bọ̀ ọ́. Ẹni tó ro èyí dé bẹ̀ gbọ́n. Àwa náà gbọ́n tiwa: a ra ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ méjì, a fi ìdérí bírò ti ihò òkè, ìlẹ̀kùn ṣí, a ki ṣájà bọ̀ ọ́.

Ìta ni ìdí ẹ́ẹ̀tì wà, lẹ́bàá ògiri: ọ̀pá bàbà tí wọ́n gbá wọlẹ̀. Ilẹ̀ tó tutù ló ń fẹ́, torí ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná dáadáa. Èyí ló fà á tí wọ́n fi ń da èédú àti iyọ̀ sí kòtò rẹ̀, táwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń bu omi sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iyọ̀ náà ń jẹ ọ̀pá díẹ̀díẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rì tí wọ́n á sì gbàgbé. Nílé tí wọ́n ti ń sọ fún àlejò pé, "Ẹ wọ bàtà o, kẹ́ ẹ tó ṣí fíríìjì," ibi ọ̀pá yẹn ni mo máa ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wò. Nígbà míì, wọn ò ní bá nǹkan kan níbẹ̀: wáyà aláwọ̀ ewé á wà lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, á wà nínú àpótí bíríkà, àmọ́ kò so mọ́ ilẹ̀ kankan.