Eérú Ẹbu Epo

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ilẹ̀ kòkó àti obì, dé Àgọ́-Ìwòyè, títí lọ kan Ìwòpin létí ọ̀sà, nígbà tí epo bá jinná tán ní ẹbu, tí ìdì ẹyìn tí wọ́n ti gbọn ọmọ ara rẹ̀ kúrò sì di òkìtì, àwọn ìyá wa a sá a, wọn a sun ún, eérú lẹ́búlẹ́bú a sì kù, èyí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, tí àgbẹ̀ náà ń bù lọ sóko. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ìkìlọ̀ ni àwọn àgbà fi í ṣe, ṣùgbọ́n lóko àgbàdo, ire ni. Òjò ti fọ adùn ilẹ̀ igbó lọ, ilẹ̀ ti kan. Eérú yìí, tí pọtásíọ̀mù kún inú rẹ̀, ní í pa kíkan náà. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í dà á lé ìdí ọ̀gbìn, kó má baà jó o. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni í wọ́n ọn yí i ká. Ní Amẹ́ríkà náà, wọ́n ń fi àjẹkù iṣẹ́ tún ilẹ̀ ṣe: àjẹkù tí wọ́n ń pè ní jípsọ̀ọ̀mù, láti ibi tí wọ́n ti ń fi èédú pèsè iná mànàmáná ni wọ́n ń wọ́n sóko, kí omi lè ráyè wọlẹ̀. Àmọ́ jípsọ̀ọ̀mù kò lè pa kíkan ilẹ̀ bí eérú. Ní ti omi, lọ́dọ̀ tiwa, ìdì ẹyìn tí a kò sun là ń tẹ́ sábẹ́ ọ̀pẹ, kí oòrùn má baà fa ilẹ̀ gbẹ.