'Nígbà Tí' Tàbí 'Bí … Bá': Àríwísí Lórí Títúmọ̀ Àṣẹ Kọ̀ǹpútà

Láti 2012 tí Ansible ti jáde ni àwọn tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà púpọ̀ ti ń fi í pàṣẹ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà when ni a fi ń so iṣẹ́ mọ́ ipò tí kọ̀ǹpútà wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ní kí ó túmọ̀ rẹ̀ yóò kọ 'nígbà tí' kíá. Kí a má purọ́, àwa náà ti fún irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ní máàkì kíkún rí. Àṣìṣe gbáà ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá kan ní Aramọkọ tí ó gbé iṣu lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, tí ó rán an lọ sí Ìjerò. Bí ó bá wí pé, 'Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá wà nílé, kí o gbé e fún wọn,' ọmọ yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ẹ̀gbọ́n yóò fi ti oko dé. Bí ó bá wí pé, 'Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wà nílé,' ọmọ yóò yọjú wo inú ilé. Bí kò bá bá wọn, yóò bá tirẹ̀ lọ. Wúnrẹ̀n bá wà nínú gbólóhùn méjèèjì, nítorí náà kì í ṣe òun ni ó fa ìyàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú awẹ́-gbólóhùn ni.

Ọmọ kejì yìí ni Ansible jọ. Kì í dúró. Bí iṣẹ́ náà bá kàn, yóò yẹ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan wò: bí ipò náà bá rí bẹ́ẹ̀, yóò ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò fò ó, yóò sì tẹ̀ síwájú. Àpẹẹrẹ kan nínú ìwé náà ni pípa kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ ti ìdílé Debian. 'Bí kọ̀ǹpútà yìí bá jẹ́ ti ìdílé Debian, pa á' ni a ó kọ. Ẹni tí ó bá ka 'nígbà tí' níbẹ̀ ni yóò máa retí kí kọ̀ǹpútà pa ìdílé dà!

Fífò kì í ṣe ìkùnà, kí a má ṣe túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bákan náà, bí a bá to ipò mẹ́ta sábẹ́ when, gbogbo wọn ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Olùtúmọ̀ tí kò bá kọ 'àti' sí i ti fàyè sílẹ̀ fún ẹni tí yóò fi 'tàbí' kà á.

Ní tiwa, a ó máa bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe bí ipò náà kò bá rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dáhùn pé yóò dúró, máàkì ìtumọ̀ kò tọ́ sí i, bí Yorùbá rẹ̀ tilẹ̀ dán.