Ibi Tí Ojú Awakọ̀ Ń Wò: Lámèyítọ́ lórí Dáṣíbọọ̀dù Ọkọ̀ Àtijọ́ àti Jíìpù Òde-Òní

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, ojú náà ni awakọ̀ sì fi ń ṣọ́ ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ẹ̀mí gbogbo àwọn tí wọ́n fi ara wọn lé e lọ́wọ́. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ bá gbé míítà tàbí géèjì kan síwájú wa, ó ti bu díẹ̀ nínú ìwòye tí í ṣe ti ọ̀nà, ó sì ti fi í fún irin àti gíláàsì. Ìdí nìyí tí mo fi ka ètò dáṣíbọọ̀dù kún iṣẹ́ ọnà, tí mo sì gbà pé lámèyítọ́ tí ó jinlẹ̀ ju “ó dán, ó sì rẹwà” lọ tọ́ sí i. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ a máa jiyàn bóyá iwájú sítíárìn ni ó yẹ kí míítà wà tàbí àárín méjì àwọn tí wọ́n jókòó níwájú, ṣùgbọ́n ní tèmi, ìbéèrè kejì ni ìyẹn. Èyí tí ó ṣáájú ni bóyá ohun tí a gbé kalẹ̀ lónìí yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ojú bá tún padà wá a.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí jíìpù Willys MB bẹ̀rẹ̀, akọni ojú ogun tí Amẹ́ríkà tò jáde ní 1941, a-gun-òkè-má-mí-hẹlẹ, a-la-ẹrọ̀fọ̀-kọjá-bí-ẹni-ń-gba-àgbàlá. Irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ni dáṣíbọọ̀dù rẹ̀. Míítà eré wà ní agbedeméjì irin náà, géèjì kéékèèké mẹ́rin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan fún epo, ọ̀kan fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún ooru omi, ọ̀kan fún iná bátìrì. Ọmọ ogun tí kò wa ọkọ̀ rí ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ lè fi ìwòfìrí kan mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fẹ́ sè. Irú jíìpù ogun bẹ́ẹ̀ ni Maurice Wilks, ọ̀gá nínú àwọn ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ Rover, ń lò ní oko rẹ̀ ní erékùṣù Anglesey nígbà tí èrò Land Rover wá sí i lọ́kàn, ọkọ̀ tí wọ́n sì fi han aráyé ní Amsterdam ní 1948 tẹ̀lé jíìpù náà nípa gbígbé ojú míítà sí àárín.

Ọgbọ́n ọrọ̀ ajé wà nínú èyí, kì í ṣe ti ẹwà nìkan. Land Rover ń lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ń wakọ̀ lọ́wọ́ òsì àti ilẹ̀ tí wọ́n ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, bí ojú míítà bá sì ti wà láàárín, sítíárìn lè ṣí lọ sí ìhà tí ó bá wù ú láìjẹ́ pé a tún irin dáṣíbọọ̀dù gé. Àwa tí a jẹ́ ọmọ Nàìjíríà mọ ohun tí irú ìṣípòpadà bẹ́ẹ̀ jẹ́, nítorí ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a fi ọwọ́ òsì tí ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ fún wa sílẹ̀, tí a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ó ṣe ni láàánú pé nígbà tí a fi máa ṣe èyí, Land Rover fúnra rẹ̀ ti kúrò lórí ọgbọ́n náà, torí Series III tí ó jáde ní 1971 ti kó míítà rẹ̀ lọ sí iwájú awakọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn ọkọ̀ ìgboro ti ń ṣe.

Kí a má baà rò pé ọkọ̀ oko nìkan ni ó ń gbé míítà sáàárín, ẹ wo Mini tí Alec Issigonis ṣe ní 1959. Míítà rìbìtì ńlá kan ni ó wà níbẹ̀, géèjì epo wà nínú rẹ̀, pẹpẹ gbalaja tí ènìyàn lè kó ẹrù lé sì wà lábẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Jaguar E-Type ti 1961 gba ọ̀nà mìíràn: ó fi míítà eré àti ti yíyí ẹ́ńjìnnì sí iwájú awakọ̀ bí ẹni fi adé sí orí ọba, ó sì to àwọn géèjì kékeré sí àárín, pẹ̀lú ìlà bọ́tìnì onírin nísàlẹ̀ wọn. Volkswagen tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní ìjàpá kò tilẹ̀ ní géèjì epo rárá títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Bí epo bá tán, ẹsẹ̀ ni awakọ̀ fi ń yí ẹ̀rọ kékeré kan kí èyí tí ó kù nísàlẹ̀ táńkì lè máa ṣàn.

Nínú gbogbo wọn, ti Mini ni mo fẹ́ràn jù, nítorí àǹfààní kan tí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ kì í sábà kà sí. Míítà tí ó wà láàárín kì í ṣe ti awakọ̀ nìkan. Ìyá àgbà tí ó jókòó níwájú lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé abẹ́rẹ́ ti kọjá ibi tí ó yẹ kó dúró, kí ó sì wí pé, “Ọmọ mi, rọra o, ilé là ń lọ.” Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n bí a bá fi sítíárìn àti èjìká ọ̀dọ́kùnrin bo míítà mọ́lẹ̀, kí ni àgbà yóò rí tí yóò fi sọ̀rọ̀? Lóòótọ́, awakọ̀ ní láti yí ojú díẹ̀ kí ó tó rí i, àbùkù gidi sì ni èyí ní ọ̀nà tí ọkọ̀ pọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó yẹra fún àbùkù yìí, tí ó sì sún mọ́ pípé jù lọ lójú mi, ni ti Mitsubishi Pajero, tí ó jáde ní 1982. Nínú ọ̀pọ̀ Pajero ìgbà náà, àpótí kékeré olójú mẹ́ta kan wà lókè dáṣíbọọ̀dù gan-an, nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Ọ̀kan ń sọ agbára ọ́ìlì, ọ̀kan ń sọ ti iná bátìrì, èyí tí ó wà pẹ̀lú wọn sì ń sọ bí ọkọ̀ ti dagun tó àti bí ó ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó. Ẹni tí ó bá ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kò ní í ráyè bojú wolẹ̀: ó ń wo àpáta, ó ń wo kòtò, ó ń wo etí ọ̀nà tí ọ̀gbàrá ti jẹ. Ẹni tí ó gbé àpótí náà sókè mọ èyí. Ìwọ̀n ìka díẹ̀ ni ojú yóò sọ̀ kalẹ̀ láti ara àpáta kí ó tó kan géèjì, bí a bá ń sunkún, a sì máa ríran. Ìyá tí ó mọ ibi tí àwo iyọ̀ rẹ̀ wà nídìí ààrò kì í tan fìtílà kí ó tó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ Pajero ṣe mọ ibi tí géèjì rẹ̀ wà.

Jíìpù òde-òní wá dé pẹ̀lú sikirínì. Mercedes G ti 2018 lè gbé méjì kalẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 12.3, a tò wọ́n pọ̀ láti iwájú awakọ̀ dé àárín; Land Rover Defender tuntun tí wọ́n fi hàn ní 2019 náà kò gbẹ́yìn. N kì yóò tàbùkù ohun tí ó ní iyì. Kámẹ́rà tí Land Rover ń lò lè fi ilẹ̀ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bò han awakọ̀, àfi bí ẹni pé irin ti di gíláàsì, ìran tí Wilks kò lè rí àfi kí ó sọ̀ kalẹ̀ kí ó fi orúnkún kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n sikirínì kan náà tí ó ń fi ilẹ̀ hàn ni ó tún ń gbé orin, tẹlifóònù àti afẹ́fẹ́ tútù, bí ọ̀kan bá sì ti dé, òmíràn á kúrò níbẹ̀. Ibi tí ooru ẹ́ńjìnnì wà lánàá ni orúkọ olórin wà lónìí. Lójú ọ̀nà gbágungbàgun, ìka tí ó fẹ́ tẹ ohun kan a máa tẹ èkejì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni gíláàsì tí kò ní kókó kankan kò lè sọ fún ọwọ́ pé ó ti ṣìnà.

Ní 2013, àjọ tí ó ń ṣọ́ ààbò ọ̀nà ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé ìwòfìrí kan tí a fi ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí, yóò ti jẹ ẹsẹ̀-bàtà tí ó lé ní 180 láàárín ìwòfìrí náà.

Ọkọ̀ kan wà tí ó dà bí ẹni pé ó gbọ́ ẹjọ́ yìí: Ineos Grenadier, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Hambach ní ilẹ̀ Faransé ní 2022. Àwọn bọ́tìnì ńláńlá tí ẹni tí ó wọ ìbọ̀wọ́ lè tẹ̀ wà ní àjà rẹ̀ lókè orí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tí ó ń ṣípò. Èyí wù mí púpọ̀. Síbẹ̀, iná ìkìlọ̀ nìkan ni wọ́n fi sí iwájú awakọ̀, wọ́n gbé ìwọ̀n eré lọ sí àárín gẹ́gẹ́ bí ti Land Rover 1948, ṣùgbọ́n inú sikirínì ni wọ́n gbé e sí, kì í ṣe ojú abẹ́rẹ́. Bí sikirínì náà bá sì kú, ìwọ̀n eré bá a lọ. Láti 2026, Euro NCAP, àjọ tí ń dán ààbò ọkọ̀ wò ní Yúróòpù, kì yóò fún ọkọ̀ ní ìràwọ̀ márùn-ún pé pérépéré bí kò bá ní bọ́tìnì tàbí ọ̀pá gidi fún iná tí a fi ń yà, iná ìkìlọ̀ pàjáwìrì, fèrè, ohun tí ń nu gíláàsì, àti ìpè fún ìrànlọ́wọ́. Ó dára. Àmọ́ géèjì ooru omi àti ti ọ́ìlì, tí jíìpù 1941 fi síta gbangba fún ọmọ ogun rẹ̀, kò sí nínú wọn, àwọn méjèèjì yìí ni ẹni tí ó jìnnà sí mẹkáníìkì sì nílò jù.