Ọ̀RẸ́ TÍ A KÒ RÍ RÍ: Àyẹ̀wò Sinimá Mẹ́ta

Àwọn bàbá wa a máa sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ kò tíì pé títí di ìgbà tí ẹni tí ń sọ ọ́ àti ẹni tí ń gbọ́ ọ bá wo ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n lóde òní, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń bá ẹni tí wọn kò rí rí ṣọ̀rẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọdún púpọ̀, kí ọjọ́ ìpàdé ojúkojú tó dé. Ọjọ́ ìpàdé yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò, nítorí pé àwọn tí ń ṣe sinimá fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń sọ òtítọ́ nípa rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí ìwé Yorùbá. Láàárín ọdún 1929 sí 1930, Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde léraléra, èyí tí a ní obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ni ó kọ wọ́n. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n. Kò sí ẹni tí ó lè fojú kàn án láéláé, nítorí pé Thomas fúnra rẹ̀ ni Sẹ̀gilọlá. Gbogbo wa ni a mọ èrè tí ìfarapamọ́ yẹn mú wá: òun ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè wa. Nítorí náà, fífi ara pamọ́ nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni èyí: ta ni ó fara pamọ́, kí ni ó fi pamọ́, ta ni ó sì jìyà rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni n ó fi wọn sinimá mẹ́ta.

Èkíní ni The Shop Around the Corner, tí Ernst Lubitsch ṣe ní 1940 láti inú eré oníṣe tí Miklós László kọ. Kralik àti Klara jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú Budapest. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò wọ̀ rárá; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí ẹni tí wọn kò mọ̀, láìmọ̀ pé ara wọn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ní alẹ́ tí wọ́n dá láti pàdé, ọ̀rẹ́ Kralik bá a yọjú ní fèrèsé ilé kọfí, ó sì sọ fún un pé Klara ni ó jókòó níbẹ̀. Kralik kò jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ipò tí ó wà: ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀gá rẹ̀ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí ojú ń tì, ni ó gbé àṣírí mì. Òtítọ́ ni pé wọ́n gbà á padà, ó sì di ọ̀gá kí ó tó jẹ́wọ́; síbẹ̀, kò sí ohun ìní Klara tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1998, Nora Ephron tún ìtàn yìí ṣe, ó pè é ní You've Got Mail. Ó gbé e wá sí New York, ó sì fi lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà dípò lẹ́tà orí bébà. Kathleen Kelly ń ta ìwé ọmọdé nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Joe Fox jẹ́ ọmọ olówó tí ìdílé rẹ̀ ń ṣí ilé ìtàwé ńláńlá káàkiri, wọ́n sì ṣí ọ̀kan sí ìtòsí Kathleen. Ní fèrèsé ilé kọfí, Joe ni ó kọ́kọ́ mọ̀, òun náà kò sì jẹ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi ojú méjì bá obìnrin náà lò: ó ń kọ lẹ́tà sí i bí àjèjì, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ wò bí ojúlùmọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìyá Kathleen kógbá sílé. Nígbẹ̀yìn, wọ́n pàdé nínú ọgbà òdòdó ní Riverside Park. Kathleen sunkún, ó ní òun ti ń fẹ́ kí ó jẹ́ Joe.

Ẹ̀rín dùn nínú eré náà, Tom Hanks àti Meg Ryan sì mọ iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n Ephron gba àṣírí kúrò lọ́wọ́ ẹni tí a lé lẹ́nu iṣẹ́, ó fi í lé ọwọ́ ẹni tí ń ba oúnjẹ ẹlòmíràn jẹ́, ó sì ń ṣe bí ẹni pé ìtàn kan náà ni. Ìtàn náà ti yí padà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà yẹn kì í ṣe ìpàdé, nítorí pé ẹnì kan ti ń yọjú wo èkejì láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tipẹ́tipẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé eré apanilẹ́rìn-ín ni, kí ni mo fẹ́ máa fi òfin dè é fún? Ó dára. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2012, àwọn tí ọmọbìnrin kan bá dọ́rẹ̀ẹ́ lórí Facebook tàn án wá sí Èkó, wọ́n sì pa á. Joe Fox kì í ṣe apànìyàn, èmi kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé eré tí ó mú wa yọ̀ nígbà tí ẹnì kan mọ gbogbo ọ̀rọ̀, tí èkejì kò mọ nǹkan kan, ń kọ́ wa láti yọ̀ sí ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe àròsọ. The Remarkable Life of Ibelin ni, tí Benjamin Ree ọmọ Nọ́wè gbé jáde ní 2024. Ó sọ ìtàn Mats Steen, ọ̀dọ́mọkùnrin tí àrùn ajẹṣan kò jẹ́ kí ó lè rìn, tí ó sì kú ní 2014 ní ọmọ ọdún 25. Àwọn òbí rẹ̀ rò pé kò ní ọ̀rẹ́ kankan. Nígbà tí wọ́n kéde ikú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ilẹ̀ púpọ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ti jọ ń ta eré World of Warcraft pẹ̀lú rẹ̀, tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí Ibelin. Òbí ọmọbìnrin ará Họ́láńdì kan ti gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Mats ni ó kọ lẹ́tà bẹ̀ wọ́n. Díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyí wá sí ìsìnkú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wà nítòsí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Mats náà fara pamọ́. Fún ọdún púpọ̀ ni kò sọ nípa àìsàn rẹ̀, nítorí ó fẹ́ kí a mọ òun kí a tó káàánú òun. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó ru ẹrù ohun tí ó fi pamọ́ ju gbogbo wọn lọ. Ara ni ó bò, kò bo ìwà. Ree sì ṣe ohun tí ó tọ́ nígbà tí ó mú ọ̀rọ̀ tí Mats fúnra rẹ̀ kọ nínú eré náà, tí ó sọ wọ́n di àwòrán, dípò kí ó máa sọ̀rọ̀ fún òkú. Àbùkù iṣẹ́ rẹ̀ ni pé àwòrán náà a máa rẹwà jù níbòmíràn, tí ikú fi ń jọ àlá dídùn.

Bí a bá wá padà sí òwe wa, a óò rí i pé ojú tí àwọn àgbà ń wí kì í ṣe ẹyinjú nìkan. Ìpàdé ojúkojú níyì nítorí pé ẹni méjì ni ó ń wo ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sí ẹni tí ó rí ju ẹnìkejì lọ. Èyí ni Ephron sọnù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òṣèré rẹ̀ dúró níwájú ara wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ Mats kò rí i láàyè, síbẹ̀ ohun tí ìyá àti bàbá rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu wọn bá ọmọ tí wọ́n tọ́ mu. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ọmọ ilé ìwé yín ń bá ẹni tí wọn kò rí rí sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ẹ fi sinimá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn wọ́n pa pọ̀, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ta ni ó mọ̀, ta ni kò mọ̀, ta ni yóò sì san gbèsè rẹ̀?