Ohùn ni Òṣùwọ̀n Ewì Wa

Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ìlú Festac, ní Amúwó-Ọ̀dọ̀fin, láti fi gba àwọn àlejò tó wá sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Ohun ìbànújẹ́ ni bí ọmọ tí a bí sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ oríkì lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà, tó sì ní kì í ṣe ewì, nítorí pé ìparí àwọn ìlà rẹ̀ kò bára mu. Òṣùwọ̀n ewì Gẹ̀ẹ́sì ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń lò. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí í fi kóńgò wọn aṣọ.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àpẹẹrẹ kékeré kan wò, èyí tí a hun fún àlàyé yìí:

Bí ọjà bá kún,
Ọjà a máa kùn.

Ẹni tó bá fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wò ó yóò ní ìlà méjèèjì parí bákan náà, àti pé akéwì ṣi sílébù kà, nítorí márùn-ún ló wà nínú ìlà kìíní, tí mẹ́fà sì wà nínú ìkejì. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà. Létí Yorùbá, ohùn òkè ni kún, ohùn ìsàlẹ̀ ni kùn. Ohùn òkè fi ìlà kìíní kọ́ sókè bí ìbéèrè tí a kò tíì dáhùn. Ohùn ìsàlẹ̀ ló bá a gúnlẹ̀. Ìhun gbólóhùn náà tẹ̀ lé e: awẹ́ kìíní ń retí, awẹ́ kejì dáhùn. Bí a bá pààrọ̀ ohùn wọn, ìtumọ̀ yóò dojú rú. Ariwo ni yóò wá máa mú ọjà kún.

E. L. Láṣebìkan ti ṣàlàyé ìlànà ohùn nínú ewì wa níwájú ìpàdé àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà dúdú ní Paris lọ́dún 1956. Ìwé Ọlátúndé Ọlátúnjí lórí ewì alohùn Yorùbá, tó jáde lọ́dún 1984, fẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. A kò sọ pé akéwì kò gbọdọ̀ fi ìró tó dọ́gba ṣe ọ̀ṣọ́. Ọ̀ṣọ́ ni, kì í ṣe òpó ilé. Ìdí nìyí tí dùndún, tí kò lè pe lẹ́tà kan ṣoṣo, fi lè kéwì kí olóye sì gbọ́ ọ. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó ní kí ọmọ ka sílébù, kí ó kọ́kọ́ ní kí ó fi dò-re-mí pe ìlà náà.