Òdiwọ̀n Kì í Ṣe Ojúlówó: Àgbéyẹ̀wò Ìtumọ̀ Àmì Méjì nínú Ìkọ́ni Kẹ́mísírì

Agbára àmúṣiṣẹ́, èyí tí Josiah Willard Gibbs ará Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1870, ni a fi ń mọ̀ bóyá ìyípadà kẹ́míkà kan yóò lọ fúnra rẹ̀. Bí àmì ìyọkúrò bá wà níwájú iye rẹ̀, yóò lọ; bí ti àròpọ̀ bá wà níbẹ̀, kò ní lọ. Ọ̀nà méjì ni a ń gbà kọ ọ́: ΔG° àti ΔG. Olùkọ́ tó ń fi Yorùbá ṣàlàyé lè tètè pe èkínní ní 'èyí tó péye', kí ó pe èkejì ní 'èyí tí kò péye'. Ó jọ pé inú ẹ̀kọ́ èdè ni èrò yìí ti wá, níbi tí a ti ń ka Yorùbá àjùmọ̀lò sí ojúlówó, tí a sì ń fojú tín-ín-rín ẹ̀ka-èdè. Kò tọ́ sí ẹ̀ka-èdè pàápàá, áńbọ̀sìbọ́sí kẹ́mísírì.

Ẹ wo òkúta ẹfun Ewékorò, lẹ́yìn Ifọ̀ ní ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta, níbi tí a ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960. Nínú ààrò, òkúta yìí a máa túká sí láìmù àti afẹ́fẹ́ CO2. Ní 25°C, ΔG° rẹ̀ tó nǹkan bí +130 kJ fún móòlù kan. Ní 800°C, ó ṣì jẹ́ nǹkan bí +13. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà pé èyí ni 'èyí tó péye' yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ṣeé ṣe, àfi bí ooru bá tó nǹkan bí 900°C. Ṣùgbọ́n ΔG° kàn gbà pé ìfúnpá CO2 jẹ́ bar 1 gééré ni. Ta ló bá ààrò ṣe àdéhùn yẹn? Bí atẹ́gùn bá ń gbá CO2 jáde tí ìfúnpá rẹ̀ fi wálẹ̀ sí 0.1, ìlànà ΔG = ΔG° + RT ln Q yóò yọ nǹkan bí 20 kúrò lára 13; -7 ni yóò kù, òkúta yóò sì máa túká. Bí a bá dí ẹnu ààrò tí afẹ́fẹ́ náà kò ríbi gbà, ìtúká yóò dúró. Òkúta kan náà ni, ooru kan náà sì ni.

'Ipò òdiwọ̀n' ni ó yẹ ΔG°, kí ΔG sì jẹ́ 'ipò ojú iṣẹ́'. Òdiwọ̀n dà bíi kóńgò: gààrí tí kò kún kóńgò kì í ṣe gààrí burúkú. Àléébù 'ojú iṣẹ́' ni pé ó lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Bẹ́ẹ̀, bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ń kú lọ ní Mowé tàbí Ìbàfò kò yí ΔG° rẹ̀ padà. ΔG rẹ̀ ni ó ń sún mọ́ òdo.