Ògiri Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fá ògiri yàrá kan ní ìsàlẹ̀ Òkè Òròlé, nílùú Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Funfun tó ti pọ́n bí eyín arúgbó ló wà lójú. Búlùú bí ojú ọ̀run wà lábẹ́ rẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú wà lábẹ́ búlùú. Nígbà tí irin mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sìmẹ́ǹtì, ẹfun ló yọ, tó ń bu lulẹ̀ bí èlùbọ́. Ìpele mẹ́rin, ayálégbé mẹ́rin. Ẹni tó kun búlùú gbé ibùsùn rẹ̀ sí igun ọ̀tún, nítorí òróró irun orí rẹ̀ ti wọ ògiri níbi tó máa ń fẹ̀yìn tì. Ẹni tó kun pupa bí ọmọ síbẹ̀: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ìlà márùn-ún ni wọ́n fi pẹ́ńsùlù fà, ọ̀kan ga ju èkejì lọ, bí ọmọ náà ṣe ń dàgbà. Mo sọ irin sílẹ̀, mo jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ń wò wọ́n.

Iṣẹ́ akunlé ni mo ń ṣe. Ó ti lé ní ogún ọdún, inú ilé àyágbé ni mo sì ti ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi náà kò tíì kọ́lé: tíṣà, nọ́ọ̀sì, agúnbánirọ̀, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni wa tó di Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà lọ́dún 2020. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí ọlọ́gbọ́n á fi kó owó ara rẹ̀ lé ògiri onílé. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ẹni tó san owó ilé ọdún kan ti ra òwúrọ̀ 365, àti pé nínú gbogbo òwúrọ̀ wọ̀nyẹn, ògiri yẹn ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ là sí.

Lọ́dọ̀ ìyá mi àgbà ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹni tó ń tọ́jú ògiri tí kì í ṣe tirẹ̀. Ulé ni òun ń pe ilé, bí a ti ń sọ ọ́ níbí. Bí ọdún Olósùnta bá ti ń sún mọ́lé, á po ilẹ̀ pupa mọ́ ìgbẹ́ màlúù, á fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ògiri àti ilẹ̀ yàrá rẹ̀. Tó bá gbẹ tán, á rẹ ẹfun sómi, á fi fa ìlà kan ṣoṣo yí ẹsẹ̀ ògiri ká. Òun kọ́ ló ni ilé náà, ti ìdílé ọkọ rẹ̀ ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ọdún tí ìlà ẹfun yẹn wọ́. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń bínú bí àwọn kan bá wí pé iṣẹ́ ọkùnrin ni ilé kíkùn. Ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ni wọ́n ń ya ògiri ní àwòrán aláràbarà. Ọwọ́ àwa obìnrin ni iṣẹ́ yìí wà kí ẹnikẹ́ni tó gbé rólà dé.

Kí n tó ra ọ̀dà, mo ní láti mọ ògiri náà ná. Ibí gan-an ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníbàárà kì í rí i, kì í sì í fẹ́ sanwó rẹ̀. Mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbẹ nu ògiri. Bí ẹfun bá bá ọwọ́ mi wá, ọ̀dà tuntun kò ní dúró lórí rẹ̀, torí ẹfun náà ni yóò ṣí tòun tọ̀dà. A ó fá a, a ó fi omi fọ̀ ọ́, a ó wá fi ọ̀dà tí a fi omi là dáadáa fún un mu lákọ̀ọ́kọ́. Bó bá jẹ́ yàrá tí wọ́n ti ń fi sitóòfù dáná, ọṣẹ àti omi gbígbóná ló kàn. Ẹni tó bá fi ọ̀dà olómi lé èéfín lórí, kò ní pẹ́ rí i tí èéfín náà yóò yọ jáde lójú ọ̀dà bí omi tíì. Ọ̀dà elépo ni mo fi ń dí i pa kí n tó fi olómi lé e.

Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó le tó omi ní ìlú wa. Òkè àpáta ló yí wa ká. Bí òjò bá rọ̀ sórí Olósùnta, àpáta kì í mu ún. Ńṣe ló ń ṣàn wá bá ẹsẹ̀ ilé wa nísàlẹ̀. Ilé tí wọn kò tẹ́ ohun tó ń dènà omi sábẹ́ búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ògiri rẹ̀ a máa fa omi láti inú ilẹ̀ bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Omi yẹn kì í dá gòkè. Ó ń gbé iyọ̀ inú ilẹ̀ àti ti sìmẹ́ǹtì dání, bó bá sì dé ojú ògiri, afẹ́fẹ́ á gba omi, iyọ̀ á ṣẹ́ kù. Iyọ̀ funfun yẹn ló ń ti ọ̀dà láti ẹ̀yìn títí tí yóò fi họ.

Mo jìyà rẹ̀ nínú yàrá àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi yá. Oṣù kẹsàn-án ni mo kó wọlé, ara mi ò balẹ̀ láti rí i kó dára, mo sì kùn ún lọ́jọ́ kejì ní àwọ̀ ewé tí mo ti ń lá àlá rẹ̀ láti kékeré. Kí Kérésìmesì tó dé, ẹsẹ̀ ògiri ti lé róró bí ara tí omi gbígbóná bó. Láti ìgbà náà, n kì í kun ẹsẹ̀ ògiri lásìkò òjò. Mo máa ń fá a kalẹ̀, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i, títí ọyẹ́ yóò fi dé. Ọyẹ́ náà ní wàhálà tirẹ̀: ọ̀dà a máa yára gbẹ jù, ibi tí rólà ti pàdé ara wọn á hàn bí àpá, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Àárọ̀ kùtù ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, mo máa ń ti fèrèsé, n kì í sì í kúrò nídìí ògiri kan láì parí rẹ̀.

Ní ti iye ọ̀dà, yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, tí ògiri rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, kò ju nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 37 lọ bí a bá ti yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò. Lítà ọ̀dà olómi tó dára kan lè bo nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 10. Bí a ó bá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, gálọ̀nù lítà mẹ́rin méjì ti tó. Ẹni tó bá ní kí o ra bọ́kẹ́ẹ̀tì 20 lítà fún yàrá kan, bi í léèrè ibi tí ìyókù ń lọ.

Àwọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé, á ní, "Màmá, mo fẹ́ nǹkan tó tutù." Ẹlòmíràn á ní kí yàrá òun má tutù bẹ́ẹ̀ yẹn, kí ó gbóná díẹ̀. N kì í mú ìwé àwọ̀ jáde fún wọn lójú ẹsẹ̀, nítorí èdè wa ti pín àwọ̀ kí ìwé yẹn tó dé: funfun, pupa, dúdú. Ìpín funfun ló tutù, eérú àti búlùú fẹ́ẹ́rẹ́ sì wà níbẹ̀. Ìpín pupa ló gbóná, òun ló ni ọsàn àti àwọ̀ ìkòkò amọ̀. Aró àti ewé wà lọ́dọ̀ dúdú. Bí mo bá ti mọ ìpín tí ọkàn oníbàárà wà, ìyókù kò le mọ́. Bí fèrèsé yàrá bá jẹ́ ẹyọ kan, ògiri tó kọjú sí i ni mo ń fún ní àwọ̀ tó mọ́ jù, torí òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ tó sì ń dá a padà fún ilé. Wọ́ọ̀lù pépà? N kò lè gbà á fún ẹni tí ògiri rẹ̀ ń mu omi. Ògiri á máa bu lábẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Ọ̀rọ̀ onílé náà kò ṣe é fò. Mo kun yàrá kan fún ọmọbìnrin tíṣà kan rí. Onílé wọlé, ó wò yíká, ó yìn wá, ó sì ní owó ilé yóò lé lọ́dún tó ń bọ̀ nítorí ilé ti dára sí i. Ọmọ náà sunkún lójú mi. Ó ṣì ń dùn mí. Ní báyìí, n kì í gbé búrọ́ọ̀ṣì kí n tó béèrè bóyá wọ́n ti bá bàbá tàbí màmá onílé sọ ọ́, kí ó sì wà lákọsílẹ̀: àwọ̀ tí a fẹ́ kùn, ẹni tó sanwó, bóyá wọn yóò yọ ọ́ nínú owó ilé. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, gba ayálégbé láàyè láti béèrè owó àtúnṣe tó ṣe bí onílé bá ní kó kó jáde, bó bá ṣáà ti gba ìyọ̀nda lórí ìwé ṣáájú. Èkó ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe Èkìtì, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn onílé wa níbí, àwọn mìíràn sì ń gbọ́.

Bí mo bá wà lórí àkàsọ̀, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére nì, ló sábà máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n bí i sí, ìránṣẹ́ Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ni. Láàárín nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, Ògògà, ọba wa, pè é wá sí Ìkẹ́rẹ́, ó sì gbé inú ààfin fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin, ó ń gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn, ó sì ń kùn wọ́n ní àwọ̀. Lọ́dún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn kan lára wọn lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley. Àwọn British Museum fẹ́ ẹ, Ògògà sì gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Chicago lónìí: ọba jókòó, ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀. Apá yòówù kí o gbà wò ó, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Àlejò ni Ọlọ́wẹ̀ nínú ilé yẹn, ó mọ̀ pé òun yóò padà sí Ìsẹ̀, kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ fi ẹ̀yìn òpó sílẹ̀ ní igi lásán.

Mo ti rẹ́ ògiri yàrá abẹ́ Òròlé yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ti dí èéfín rẹ̀ pa, ọ̀dà tó tutù sì ti wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, nígbà tí obìnrin tó fẹ́ kó wọlé wá wo iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni, oyún rẹ̀ ti yọ dáadáa. Ó rí ìlà pẹ́ńsùlù márùn-ún náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó fi ìka kan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kun ibí yìí."

Mo fi téèpù yí i ká, mo sì kun ìyókù.